Ọkùnrin Inú Ìwé Tí Ìyá Mi Gbàdúrà Fún

Ìyá mi kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tí ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kàn, títí dórí àwọn olùkọ́ tó ń gbowó oṣù nítorí rẹ̀, òun nìkan ló gbààwẹ̀ fún ẹnì kan tó wà nínú ìwé. Mi ò sọ ọ́ láti fi ṣẹ̀sín. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Adó kún fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wá ilé tí wọn yóò rẹ́ǹtì, ọ̀kadà sì pọ̀ nígboro ju ọ̀nà lọ. Mo wà ní yunifásítì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́, ilé ìyá mi ni mo sì ti ń lọ. Lọ́dún náà àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n ní kí á máa lọ sílé, kí á máa kàwé de ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tí yóò dé. Ìwé ìtàn méjì tó nípọn ló wà lọ́wọ́ mi, ti ayé ìgbà tí ẹṣin ṣì ń fa ọkọ̀ ní ìlú Òyìnbó.

Olùkọ́ tó yan ìwé méjèèjì fún wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ti là á yé wa kó tó lọ dúró sílé tirẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ìtàn ni olú ẹ̀dá-ìtàn wà, ẹni tí ìtàn ń tọ̀ lẹ́yìn káàkiri. Nígbà míì akọni ni, ẹni rere, onísùúrù, tí ìyà jẹ tí kò torí ẹ̀ hùwà ìkà. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ẹni burúkú ni, bẹ́ẹ̀ òun náà ni ìtàn ń tọ̀ lẹ́yìn, òun la ó jókòó tì títí ìwé á fi parí. Ó pe irú ìyẹn ní áńtí-híró. Gbogbo wa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan béèrè bóyá yóò wà nínú ìdánwò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, a bá fa ilà sí i nídìí.

Ìrẹsì Ìgbẹmọ ni ìyá mi ń tà. Ẹni tó mọ ìrẹsì yẹn mọ̀ pé ó dùn, ó ń ta sánsán lórí iná, ó sì ní òkúta. Àwọn tó kù lọ́jà máa ń tà á tòun tòkúta, kí oníkálukú lọ fi eyín ara rẹ̀ wá a. Ìyá mi kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Á lọ rà á ní Ìgbẹmọ, á gbé e délé, á fẹ́ ẹ, á wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn lọ́sàn-án, á da díẹ̀ sórí atẹ, á máa fi ìka ṣa òkúta rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ti wá jókòó sílé láìníṣẹ́, mo bá a ṣe é lọ́jọ́ bíi mélòó kan, ó sì lé mi nídìí atẹ. Ó ní ojú mi kò sí níbi tí ọwọ́ mi wà, eyín oníbàárà òun ni n óò kán. Ó ní bó bá jẹ́ uwé, bí àwa ṣe ń pe ìwé, ni mo fẹ́ kà, kí n kà á sókè kí òun náà gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ mi. Iṣẹ́ ojú àti iṣẹ́ ọwọ́ ni òkúta ṣíṣà, etí kò rí nǹkan ṣe nídìí rẹ̀.

Ẹni tó ń kà á yóò ti rí i pé “ó” ni mò ń pe ìyá mi, n kò pè é ní “wọ́n”. Èkìtì ni wá. Àwọn ará ibòmíràn ló ń pe ẹnì kan ṣoṣo bí ẹni pé wọ́n pé mẹ́wàá. Lọ́dọ̀ tiwa, nínú èdè wa, ọba pàápàá, “o” là ń pè é, kò sì sí ẹni tó ní a kò mọ ọ̀wọ̀.

Kí n tó dé orí ìwé náà, ó yẹ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi. Àwa méjì ni ìyá wa bí tó yè. Lẹ́yìn tí bàbá wa tó jẹ́ tíṣà kú, ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ ìwé mọ́, ó lọ kọ́ mọ́tò wíwà, ó ń wáṣẹ́ dírẹ́bà ní Èkó. Oníṣòwò kan tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ní kó mú onídùúró wá, ẹni tó lórúkọ ní ìlú rẹ̀. Alàgbà kan nínú ìjọ ìyá mi, bàbá àgbẹ̀ kan tí ojú rẹ̀ le ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ mọ́, wọkọ̀ lọ sí Èkó pẹ̀lú rẹ̀, ó sì dúró fún un. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí a fi gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ gba ọ̀nà Kútọnu lọ. Àwọn ọlọ́pàá wá láti Èkó. Wọn kò rí olè, wọ́n mú onídùúró. Alàgbà sùn ní àtìmọ́lé pẹ̀lú àwọn jàǹdùkú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sáré sókè sódò kó tó jáde. Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sí àyè rẹ̀ níwájú, kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan sí ìyá mi. Kò sọ ọ̀rọ̀ rere náà. Bí ìyá mi bá kí i, á mi orí.

A kò gbúròó ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Bó wà láàyè, bó kú, a ò mọ̀. Ìtìjú ìyá mi wá di méjì: ti olè, àti ti alàgbà.

Ìjọ Àládùúrà ni ìyá mi ń lọ, ìjọ aláṣọ funfun. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bàbá mi, níbi tí wọ́n ti ń ka àdúrà láti inú ìwé tí gbogbo ènìyàn sì ń tètè lọ sílé. Lọ́dọ̀ àwọn aláṣọ funfun, ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ẹni tó bá ní ẹrù lọ́kàn á dìde, á dárúkọ ẹni tó fẹ́ kí ìjọ gbàdúrà fún. Orúkọ lásán kò tó. Aṣáájú á béèrè pé, “Ọmọ ta?” Orúkọ ìyá ni wọ́n fẹ́ gbọ́, nítorí wọ́n ní àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀ láyé, àdúrà lè ṣìlé. Lẹ́yìn náà ni aṣáájú á na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni tí Ẹ̀mí bá darí rẹ̀ sí, kí ẹni náà wá gbé àdúrà, kí ìjọ máa ṣe àmín.

Níbẹ̀ ni ìyá mi ti máa ń bá gbogbo ayé gbàdúrà: aboyún, arìnrìn-àjò, ọmọ ẹni tó ń ṣèdánwò. Kò lè dárúkọ ọmọ tirẹ̀. Bí yóò ṣe dìde lójú alàgbà tó ti sun àtìmọ́lé, kó ní kí wọ́n bá òun tọrọ àánú fún olè, kò mọ̀ ọ́n. Ó gbà pé ibẹ̀ ni àdúrà ti ń gbà, kì í ṣe nínú yàrá. Ó gbà pé bí òun kò bá dárúkọ ọmọ òun níbẹ̀, ọmọ náà yóò ṣègbé, ẹ̀bi òun ni yóò sì jẹ́. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, kò tún un sọ mọ́. Inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi débi pé mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ pàápàá, nítorí náà mi ò bi í ní nǹkan kan.

Ìwé ti akọni ni mo kọ́kọ́ kà fún un. Mo máa ń ka ojú ewé kan ní Gẹ̀ẹ́sì, kí n lè gbọ́ ohùn ara mi, n óò wá sọ ọ́ fún un ní Èkìtì. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, tíṣà ní abúlé. Wọ́n purọ́ mọ́ ọn, wọ́n lé e jáde nínú òtútù. Ó rìn títí bàtà rẹ̀ fi ya, ebi pa á, kò ṣépè, kò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá òtítọ́ fojú hàn, wọ́n wá bẹ̀ ẹ́, ó dárí jì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ ọmọ pásítọ̀, ìwé sì parí.

Ìyá mi ń ṣa òkúta lọ ní tirẹ̀. Nígbà tí mo pa ìwé náà dé, ó yán.

“Ọmọ gidi ni,” ó ní.

Mo bi í bóyá kò dùn mọ́ ọn ni.

“Ó dùn. Ọlọ́un ti bá a ṣe tirẹ̀ tán. Èyí ò nílò mi.”

Mo ronú pé ọ̀rọ̀ aláìmọ̀wé ni. Ní tòótọ́, ìdajì kíláàsì wa ló sùn lórí ìwé náà, wọ́n kàn ń bẹ̀rù láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

A bẹ̀rẹ̀ èkejì. Èmi kọ́ ni mo yàn án, yunifásítì ló yàn án. Ọmọ apẹja kan ni ní etí òkun, tí oníṣòwò ọlọ́kọ̀ ojú omi kan mú sọ́dọ̀, tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó sọ ọ́ di ọmọ. Ọmọkùnrin náà lẹ́wà, ó gbọ́n, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jí oníṣòwò náà lẹ́rù títí ilé náà fi wó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ hàn síta, ó ti ẹ̀bi sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, akọ̀wé jẹ́jẹ́ kan tí kì í pa irọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n. Òun gbé aṣọ olówó wọ̀, ó ń bá àwọn ìjòyè jẹun, ó ń sọ fún wọn pé inú ilé ọlá ni òun ti wá. Ẹni tó kọ ìwé náà kò bò ó láṣírí rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí á lè kórìíra rẹ̀ tán. Bí a bá ti fẹ́ kórìíra rẹ̀, á ṣe ohun kan bí ọmọdé, á rántí òórùn ẹja abúlé rẹ̀, á gbé ṣíbí kalẹ̀ láàárín oúnjẹ.

Ọwọ́ ìyá mi kò yá lórí atẹ mọ́. Orúkọ ọkùnrin náà kò gba ẹnu rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọmọ ọlọ́mọ. Bí mo bá ti gbé ìwé jáde lọ́sàn-án, á béèrè pé, “Ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Ó ti ronú pìwà dà?” N óò ní kò tíì ṣe é. Á ní ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ń bá a jà, òun rí i. Bó bá tún ṣe ibi mìíràn, á gbé atẹ kalẹ̀, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, á ní, “Ẹni tó rán ọ níṣẹ́ yìí kò fẹ́ràn rẹ.” Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ṣàkíyèsí pé kì í jẹun òwúrọ̀ mọ́. Mo bi í, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Mo rò pé ìjọ ló pàṣẹ. Ìjọ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú kan òjò ṣú. Ìyá mi kò mú agboòrùn lọ, mo bá gbé e tẹ̀ lé e. Mo dúró lábẹ́ ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì wọn, nítorí mo wọ bàtà, wọn kì í jẹ́ kí á wọ bàtà wọlé, ọ̀lẹ sì ń ṣe mí láti tú u. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní kí ìjọ ran òun lọ́wọ́ lórí ọkùnrin kan tó wà ní ìlú Òyìnbó, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́, tó ti ṣe ẹni tó fọkàn tán an ní jàǹbá, tó sì fẹ́ ṣègbé. Ó pe orúkọ tó wà nínú ìwé mi, ó pè é bó ti lè pè é. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má baà rẹ́rìn-ín.

Aṣáájú wọn, ọkùnrin ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kan tó ń sọ Yorùbá Bíbélì, dá a lóhùn pé, “Àmín. Ọmọ ta ni?”

Ìwé náà kò sọ. Lójú ewé bí irínwó tí a ti kà, kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ìyá ọkùnrin náà, bàbá nìkan ló ní, òun náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Mo ń retí pé kó sọ pé òun kò mọ̀. Ó dárúkọ ara rẹ̀. Ó pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì kúnlẹ̀.

Wọ́n gbàdúrà. Ìjọ yẹn kò mọ àdúrà kékeré. Wọ́n fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọ orin, gbogbo rẹ̀ nítorí ẹni tí òǹkọ̀wé kan jókòó ronú jáde kí bàbá bàbá ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dáyé. Alàgbà náà wà níwájú, àmín rẹ̀ rinlẹ̀. Kò kọ̀ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ ìlú Òyìnbó rí àánú gbà. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Nǹkan kan ń dùn mí tí mi ò fẹ́ kó dùn mí, mo bá ṣí agboòrùn nígbà tí òjò kò tíì rọ̀.

Nígbà tí à ń lọ sílé, mo ní, “Màámi, inú ìwé ni ọkùnrin yẹn wà. Kò sí láyé. Kò fìgbà kan sí láyé.”

“Ta ló sọ?”

“Ẹnì kan ló jókòó tó rò ó.”

“Ẹni tó rò ó, níbo ló ti rí i?”

Mo ní ó lè ti rí ẹnì kan tó jọ ọ́.

“Háà,” ó ní, “àdúrà mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó jọ ọ́.” Ó gba agboòrùn lọ́wọ́ mi, ó ní mò ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, òjò ń pa òun.

Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn tó gùn lórí ọ̀rọ̀ yìí ní yunifásítì, láti ẹnu àwọn tó lọ kọ́ ọ lókè òkun. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì parí tí ìdánwò dé, wọ́n bi wá pé kí á fi akọni wé ẹni tí kì í ṣe akọni, kí á sọ èwo ló wúlò fún òǹkàwé jù. Mo kọ ohun tí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà fẹ́ gbọ́, mo fi ọ̀rọ̀ bí “àwùjọ” àti “ẹ̀rí ọkàn” kún un, mo sì yege dáadáa. Mi ò fi ìyá mi sínú rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n lásìkò àdúrà yẹn, kí ìdánwò tó dé, ìwé náà kò tíì parí nílé. Èmi ti ka ìyókù rẹ̀ sínú ní tèmi, mo sì ti mọ bó ṣe parí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Mo ní orí ń fọ́ mi, mo ní mo fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìgèdè, mo lọ sí Ìgèdè lóòótọ́, mo sùn síbẹ̀, mo sì padà wá bá ìyá mi lórí àga kan náà pẹ̀lú atẹ kan náà, kò tíì jẹun. Mo rò ó pé kí n yí i padà. Kò mọ Gẹ̀ẹ́sì, ta ni yóò mú mi? Mo lè sọ pé ọkùnrin náà sunkún, ó jẹ́wọ́, ó padà sílé. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ, ìyá mi yóò sì jẹun.

Ó wò mí. “O ti kà á tán.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ojú rẹ ti sọ. Kà á bó ṣe wà. Mi ò fẹ́ èyí tó o fi ọwọ́ rẹ tún ṣe.”

Mo kà á bó ṣe wà. Ayé ọkùnrin náà ti dojú rú. Ó ń ṣàìsàn nínú yàrá òkè ní ilé èrò kan létí èbúté, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Akọ̀wé tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀ ti jáde, ó wá a rí. Ó dúró létí ibùsùn. Kò fẹ́ owó, kò fẹ́ ẹ̀san, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń dúró dè. Ọkùnrin náà la ojú, ó mọ̀ ọ́n, ó sì yíjú sí ògiri. Ibẹ̀ ló kú sí. Òǹkọ̀wé wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òkun, bí omi ṣe ń lọ tó ń bọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó dára gan-an. Mo fo ìyẹn. Ìyá mi kò bìkítà fún òkun, kò rí i rí.

Ó ní kí n tún ibi tó ti yíjú sí ògiri kà. Mo tún un kà. Ó ní ṣé ó dájú. Mo fi ojú ewé náà hàn án, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó lè kà á. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìrẹsì, ó fi etí ìró nù ún kúrò, nítorí ìrẹsì kò gbọdọ̀ tutù.

“Ẹni tó kọ uwé yìí,” ó ní nígbà tó yá, “kì í ṣe òun ló bí i.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe òun.

“Ó rí i tó ń ṣègbé, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó jókòó, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀!” Inú bí i gan-an. Mi ò tíì rí i kó bínú sí ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀, kò bínú báyìí sí ẹ̀gbọ́n mi. “Àánú kò ṣe é kó pe ẹnì kan fún un?”

Mo ní, “Màámi, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. A ò lè yí i padà mọ́.”

“Mo mọ̀. Tìyẹn ti parí.” Ó gbé atẹ sórí itan, ó mi ìrẹsì, kò ṣa òkúta kankan. “Ọjọ́ wo ni Ọjọ́rú?”

Mo ní ọ̀la ni.

“O ó sìn mí lọ.”

Mo sìn ín lọ. Mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n gbàdúrà fún aboyún, wọ́n gbàdúrà fún ọmọkùnrin kan tí àpò rẹ̀ sọ nù nínú mọ́tò. Ìyá mi wá dìde.

Aṣáájú rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. “Ìyá, ọmọ wa ti ìlú Òyìnbó ńkọ́?”

“Ó ti kú,” ìyá mi ní. “Kò ronú pìwà dà.”

Ìjọ kẹ́dùn. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ọwọ́ lé orí, ó ní ààwẹ̀ tí wọ́n gbà, Ọlọ́run yóò kà á sí òdodo fún ìyá náà. Aṣáájú ní, “Ta wá ni kí á bá yín gbé síwájú Olúwa lónìí?”

Ìyá mi dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi.

Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Inú ìjọ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ bí a ṣe ń lu agogo. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn alàgbà láti ibi tí mo wà, kò mira. Aṣáájú kò béèrè ọmọ ta ni. Ó wo ìhín, ó wo ọ̀hún, ó ń wá ẹni tí òun yóò na ọwọ́ sí, olúkúlùkù sì ń wo ilẹ̀. Ìyá mi ti kúnlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni wọn yóò fi í sí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju bí mo ti lè sọ lọ.

Alàgbà ló dìde. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí i. Ó rìn wá síwájú ìyá mi, ó dúró, mo rò pé yóò gba ibẹ̀ kọjá jáde. Kò gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ojú, ó sì sọ̀rọ̀ ní Èkìtì, kò sọ Yorùbá Bíbélì.

“Ọlọ́un,” ó ní, “bó bá wà láàyè, mú un wá sí ulé. Má jẹ́ kó kú sí ulú tí wọn ò mọ̀ ọ́n. Mú un wá kó wá jẹ́jọ́. Kó wá dúró níwájú mi, kó wò mí lójú, kó sọ ohun tí mo fi ṣe é.”

Ó la ojú. Ìjọ kò mọ̀ bóyá àdúrà ni èyí tàbí ẹjọ́, wọn kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí àwọn ṣe àmín sí i. Ìyá mi kò dúró dè wọ́n. Níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó ké àmín náà sókè, ó tún un ké, ó ń ké e lọ, títí wọ́n fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.